Owó Abẹ́ Ṣáájú Owó Òkè: Bí Kárafáànù Kékeré Ṣe Ń Dúró Ṣinṣin

Bí kárafáànù yín, ilé kékeré onítáyà tí ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn, bá ń mì tìtì nígbàkígbà tí ẹnìkan bá yíra padà lórí ibùsùn, ẹ má tíì sáré lọ sọ́dọ̀ ajórin. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi náà má sí lára irin rárá. Ilẹ̀ tí ẹ gbé e lé, bí ẹ ṣe di ẹrù sínú rẹ̀, àti èwo lẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ẹ dé ibùdó: àwọn ló ń fa ìmìtìtì ju ohunkóhun lọ. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, kò sí ilé epo tí mo dúró sí tí ẹnìkan kò ní bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fà sẹ́yìn yẹn, ẹ̀ẹ́ṣe tí kò mì?" Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju àkókò tí a fi ń ra epo lọ.

Tòkunbọ̀ láti Jámánì ni tèmi. Táyà méjì péré ló ní, kò sì ní bíréèkì tirẹ̀. Ní Yúróòpù, irú ọkọ̀ àfàlẹ́yìn tí kò ní bíréèkì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 750 lọ, òun àti ẹrù inú rẹ̀ lápapọ̀. Àwo pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n yìí sí. Ẹ wá àwo yẹn rí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á bá ti fi ọ̀dà bò ó, ẹ ha ọ̀dà náà kúrò níṣojú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò ńlá, torí ohun tí ojú ń rí ló ń kọ́kọ́ wu èèyàn. Àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ kọ́tìnnì, ìyá wọn ń sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, èmi náà sì ti ń wo ibi tí fáànù yóò wà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìyẹn dúró ná. Abẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí.

Ajórin tí mo gbé e lọ bá ní Ìlọrin mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ lójú tirẹ̀, irin ni oògùn gbogbo àìsàn. "Alàájì, ẹ jẹ́ kí n fi irin tó nípọn yí abẹ́ ẹ̀ ká. Kò ní mì mọ́ láéláé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kílò 750 yẹn kò ní pọ̀ sí i nítorí pé irin pọ̀ sí i. Irin yòówù tí ẹ bá fi kún un, inú omi àti oúnjẹ wa la ó ti yọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé oníbàárà ń bẹ ajórin kó má jórin. Ohun tí mo ní kó ṣe ni ẹsẹ̀ mẹ́rin fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń ká sókè tí a bá ń lọ, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí ara ṣáàsì, tí a fi bóòtù dè kó lè ṣeé tú. Irin adábùú yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá dá dúró gbọọrọ, bó ti wù kó nípọn tó, yóò máa fì síwá-sẹ́yìn. Bí irin kan bá ti dábùú rẹ̀, ó ti di onígun mẹ́ta, onígun mẹ́ta kì í sì yẹ̀ àfi bí irin fúnra rẹ̀ bá tẹ̀ tàbí bóòtù rẹ̀ bá dẹ̀.

Ní ti igi, èyí tó fúyẹ́ ni kó wà nínú ilé, èyí tó le ni kó wà nílẹ̀. Ọ̀mọ̀ ni káfíńtà fi ṣe ibùsùn àti àpótí abẹ́ rẹ̀ fún mi, igi tí àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn nítorí pé kò wúwo. Ìrókò ni mo fi gé àwọn pákó tí a ń tẹ́ sábẹ́ táyà àti sábẹ́ ẹsẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi igi apá, èyí tó wúwo gan-an, kan kọ́bọ́ọ̀dù yí gbogbo inú irú ọkọ̀ yìí ká. Ó dán gbinrin, ó wu ojú, ọkọ̀ tó sì yẹ kó fà á kò lè fà á gun òkè.

Ibi tó yẹ kí a dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ pípín ẹrù, torí pé ìdúróṣinṣin ti bẹ̀rẹ̀ lójú títì kí a tó dé ibùdó rárá. Nǹkan bí ìdámẹ́wàá ìwúwo kárafáànù náà, pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, ló yẹ kó máa tẹ bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, irin roboto tí a ń so kárafáànù mọ́, mọ́lẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa gbé e dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń kéré ju ìdámẹ́wàá lọ. Fún kílò 750, ìdámẹ́wàá jẹ́ kílò 75. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50, nítorí náà ó dà bí ẹni pé àpò kan àtààbọ̀ jókòó sórí bọ́ọ̀lù náà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ọkọ̀ yín wò, nítorí pé ọkọ̀ mìíràn wà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Ìwọ̀n tí a ń gùn ní ilé oògùn ti tó. Ẹ di gbogbo ẹrù sínú, ẹ fi nǹkan dènà táyà, ẹ gé igi kan tó ga tó bọ́ọ̀lù ọkọ̀ yín nígbà tó bá wà lórí ìwọ̀n, ẹ gbé igi náà sórí ìwọ̀n kí orí irin ìfà, ẹnu iwájú kárafáànù tó ń bo bọ́ọ̀lù, sì wà lórí igi, kí ẹ wá ká ẹsẹ̀ iwájú, èyí tó wà lára irin ìfà, sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìwúwo yóò fi bọ́ sórí ìwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, ẹ sún ẹrù sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá kéré jù, ẹ sún un síwájú.

Omi ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Lítà kan, kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin ti di kílò 100 nìyẹn. Ìdí ọkọ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló sì rọrùn jù láti tò wọ́n sí, ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí wọ́n wà. Bí ìdí bá wúwo, yóò máa gbé orí ìfà sókè, tí kárafáànù bá sì wá rí afẹ́fẹ́ tírélà ńlá tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ju ìdí sọ́tùn-ún sósì. Orí axle, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, ni kí omi wà, tàbí níwájú rẹ̀ díẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, kí a sì fi okùn dè é. Bátìrì sólà náà ń bẹ nínú òfin yìí: bátìrì olómi tó jẹ́ 100 Ah lè wúwo tó kẹ́ẹ̀gì omi kan.

Bó bá ti ń ju ìdí, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, ẹ di sítíárìn mú kó wà láàárín, kí ẹ sì jẹ́ kí eré fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ má tẹ bíréèkì kíkankíkan. Àwọn kan ní kí a sáré sí i kó lè nà gbọnrandan. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi kì í sáré ju kìlómítà 70 ní wákàtí kan lọ, ẹni tó bá fẹ́ kọjá, ọ̀nà wà fún un.

Nǹkan mìíràn tí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti bọ́ọ̀lù. Ti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tó súnmọ́ ọn jù jẹ́ ínṣì 2, ìyẹn mìlímítà 50.8. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ orí ìfà Yúróòpù kò ní padé dáadáa lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti Amẹ́ríkà yóò sì dẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, yóò máa lù kọ̀ kọ̀ nínú gbogbo kòtò. Bí ẹ bá ti tì í pa, ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú wálẹ̀ kó gbé orí ìfà sókè. Bó bá gbé ìdí ọkọ̀ yín dání, ó ti dì mú. Bó bá já sókè lófìfo, ẹ dúpẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé lẹ ti rí i.

Táyà ńkọ́? Ọjọ́ orí ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àwọn àmì tó tẹ̀lé lẹ́tà DOT lára táyà ló ń sọ ọ́: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà kárafáànù máa ń gbó lórí ìdúró, kí ojú rẹ̀ sì ṣì mú bí tuntun. Ní Àjàsẹ́-Ìpo mo máa ń sọ̀kalẹ̀ fọwọ́ kan irin àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, àmọ́ èyí tó bá gbóná ju ìkejì lọ dáadáa ń bèèrè girísì tàbí bẹ́árìn tuntun.

Ó kù bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀. Ọ̀wá Kájọlà, níbi tí omi Òwu ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ni àwa máa ń lọ jù, nígbà òjò tí omi náà bá kún. Ẹ kí baálẹ̀ àti àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó já kárafáànù sílẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, àwọn ló mọ ibi tí àgbàrá ń gbà lóru. Ilẹ̀ pupa tó le bí àpáta ní ọ̀sán lè di ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ tí kò bá ní pákó lábẹ́ a sì rì.

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, wọ́n sì ti fún kárafáànù ní mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ rẹ̀: táyà méjì àti ẹsẹ̀ iwájú. Lórí mẹ́ta yìí ni kó ti dọ́gba, kí a tó dárúkọ ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ajórin ṣe. Ẹ fi abọ́ omi tàbí ọ̀pá tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún àti òsì: táyà tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ wà á gun orí pákó. Ẹ wá dènà táyà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí ó há gádígádí, kí ẹ tó yọ ọ́ lára ọkọ̀. Ẹ má yí ètò yìí padà o, torí kárafáànù tí kò ní bíréèkì kò mọ olówó ẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ ó fi ṣe ìdọ́gba iwájú àti ẹ̀yìn.

Ìgbà yìí ni ẹsẹ̀ mẹ́rin ń sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n kan pákó, kí ẹ yí wọn díẹ̀ sí i kí wọ́n le, ó parí. Ẹni tó bá fi wọ́n gbé ọkọ̀ sókè kí táyà má kanlẹ̀ mọ́, ṣáàsì ló ń tẹ̀, ilẹ̀kùn ló sì máa kọ́kọ́ sọ fún un, torí kò ní tì mọ́. Bó bá ṣì ń mì síwá-sẹ́yìn lẹ́yìn gbogbo èyí, ìdènà táyà ni kí ẹ padà sí. Ó ti dẹ̀ nìyẹn. Lórí àpáta, irú èyí tó pọ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà, pákó a máa yọ̀. Ẹ gé táyà àlòkù sí wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀.

Tapólì ìbòjì kò gbọdọ̀ so mọ́ ara kárafáànù bí atẹ́gùn bá wà. Òpó tirẹ̀ ni kó dá dúró lé. Ìbòjì igi náà dára, àmọ́ kì í ṣe ti máńgòrò lásìkò èso, àyàfi bó bá wù yín láti gbọ́ ìró lórí páànù mọ́jú. Ẹ fi girísì yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti pákó ìdènà ká nítorí ìjàlọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fi ṣeré. Nígbà ọyẹ́, òru ìhà ibẹ̀ máa ń tutù, ó sì ń ṣe èèyàn bíi kó gbé ìkòkò eedu wọlé. Èéfín carbon monoxide tó ń jáde lára eedu kò ní òórùn, ojú kò rí i, yàrá kékeré bẹ́ẹ̀ kò sì pẹ́ kún. Ẹ wọ súwẹ́tà. Ìta ni a ti ń dáná, jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà, kí atẹ́gùn má gbé èéfín rẹ̀ wá sójú fèrèsé.

Láàárọ̀ tí a bá ń lọ sí Ẹ̀sìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta, èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún, nínú musíọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ìdàkejì ètò yẹn la máa ń tẹ̀lé: ẹsẹ̀ mẹ́rin sókè, orí ìfà sórí bọ́ọ̀lù, ṣéènì méjèèjì kí wọ́n dábùú ara wọn lábẹ́ rẹ̀, wáyà iná, ẹsẹ̀ iwájú sókè, ìdènà táyà kẹ́yìn. Ẹni tí kò ní wa ọkọ̀ ló ń yí i ká láti wo iná ẹ̀yìn àti nọ́ńbà. Nílé wa, ìyàwó mi ni. Bí kò bá tíì ní "Ó yá, Bàbá Ìbejì," n kì í ṣí iná ọkọ̀.