Ẹ Mú Ìyá Ọkọ Yín Lọ Síbi Ẹ̀kọ́ Aboyún

Bí ẹ bá lóyún, ẹ má dá nìkan lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ aboyún ní ọsibítù. Ẹni tí yóò wá bá yín wẹ ọmọ ni kí ẹ mú dání, ì báà ṣe ìyá ọkọ, ì báà ṣe ìyá tó bí yín.

Ìyá ìkókó kọ́ ló ń pàṣẹ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ délé. Ara ṣì ń ro ó, oorun kò tó o. Nọ́ọ̀sì lè sọ ọ́ títí pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6; bí ìyá àgbà bá ti ní ọ̀fun ọmọ á gbẹ, omi dé nìyẹn.

Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì, mo bẹ ìyá ọkọ mi kí wọ́n sìn mí lọ. Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ni mátírọ́ọ̀nù sọ lọ́jọ́ náà, àwọn hóró funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ nítorí aáyán. Ó ní èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan. Bí irú wọn bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa bàjẹ́, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ á sì kọlù wọ́n. Èyí tó bá le lè ba ọpọlọ jẹ́, ó lè sọ ọmọ di adití.

Màámi ní, "Àwọn tí èmi bí ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ tiwọn gbà á ni, mà. Ta ló mọ ti èyí tó ń bọ̀?"

Bí a ṣe délé, wọ́n tú àpótí aṣọ ìkókó tí wọ́n ti kó káńfọ̀ sí, wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sá a sóòrùn. Ká ní èmi ni mo sọ ọ́, wọn ì bá ní ọmọ àná fẹ́ kọ́ àwọn ní ọmọ títọ́. (Wọn ò sì ní jẹ̀bi, ọmọ mélòó ni mo tíì tọ́?)

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí ẹ wo ẹyinjú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ dúdú kì í tètè fi ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ hàn. Bí ibẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, pàápàá láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú dáadáa mọ́, ọsibítù ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Omi gúlúkóòsì kò wò ó, oòrùn àárọ̀ kò tó o. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tan sọ́mọ lára wà ní ọsibítù.

Ọkọ náà ní tirẹ̀: kó mọ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ lóru, àti ẹni tí yóò fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́jẹ̀ bó bá di dandan.

Ẹ tètè lọ síbi ẹ̀kọ́ náà o. Orin àti ijó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ǹṣì kì í sì í pẹ́ kún.