Àṣẹ tí wọ́n kọ sínú láptọ́ọ̀pù mi

Lọ́dún 2023 ni mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan n'Íbàdàn. Òun ni mo fi ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, "Mà, mo ti bá yín pa update ẹ̀, kò ní máa jẹ dátà yín mọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, torí owó dátà kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ọdún méjì kọjá kí n tó mọ ohun tí mo dúpẹ́ sí. Update ni àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ láti dí àlàfo tí kòkòrò kọ̀ǹpútà lè gbà wọlé. Mo gbọ́ pé Microsoft máa dáwọ́ update ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, mo wá ní kí n wo bí tèmi ṣe wà. Mo wọ Settings, mo ṣí Update & Security. Lókè ni mo rí ìlà kan tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ: "Some settings are managed by your organization." Àwọn ibi tó yẹ kí n tẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò mì. Organization wo? Nínú yàrá mi ló wà, èmi nìkan ni mò ń lò ó.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ fọ́máàtì ẹ̀ o," ó ní. "Kò bàjẹ́. Ẹnìkan ló kọ àṣẹ sínú ẹ̀, ó sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu."

Lábẹ́ ìlà pupa yẹn ni wọ́n kọ "View configured update policies" sí. Mo tẹ̀ ẹ́, àwọn àṣẹ náà sì jáde. Ọ̀kan ní kí kọ̀ǹpútà má wá update fúnra rẹ̀ mọ́. Èyí ni ọmọkùnrin yẹn ṣe. Èkejì ní ọ̀dọ̀ server kan (kọ̀ǹpútà tó ń pín update fún àwọn yòókù) ni kó ti máa lọ gba update, ti ilé iṣẹ́ tó ni ín kó tó di tòkunbọ̀. Àṣé ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi ń kàn.

Bí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ Accounts nínú Settings, kí ẹ wo "Access work or school". Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Tèmi ṣófo.

Windows Pro ni tèmi, nítorí náà mo tẹ gpedit.msc, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, mo lọ síbi Windows Update, mo dá "Configure Automatic Updates" padà sí Not Configured. Windows Home kò ní gpedit, inú regedit, ibi tí Windows ń kó àwọn ètò rẹ̀ sí, ni wọ́n á ti ṣe gbogbo rẹ̀. Inú regedit náà ni mo ti bá àṣẹ kejì: HKEY_LOCAL_MACHINE, SOFTWARE, Policies, Microsoft, Windows, títí dé WindowsUpdate. Àdírẹ́sì kan tí mi ò rí rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ WUServer.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Regedit kò ní Undo. Mo kọ́kọ́ tẹ Export, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì, kí n tó pa WindowsUpdate nìkan rẹ́. Gbogbo Policies kọ́ o! Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Ìlà pupa ti lọ. Bí tiyín bá ṣì ń ṣagídí, ẹ wo services.msc, níbi tí orúkọ àwọn iṣẹ́ tí Windows ń ṣe lábẹ́lẹ̀ wà, bóyá wọ́n ti fi Windows Update sí Disabled níbẹ̀. Ẹ dá a padà sí Manual.

Ohun tó ká mi lára jù ni fláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, tí wọ́n ń gbé wá láti ibi gbogbo, tó sì lè kó kòkòrò wá. Lóṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àlàfo kan. Lóṣù karùn-ún, WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń ti fáìlì pa kó tó gba owó, gba àlàfo náà wọlé sára àwọn kọ̀ǹpútà tí kò tíì gba àtúnṣe, títí kan ti àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba. Oṣù méjì péré! Èmi ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fọ́dún méjì lórí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ti dátà náà kò ṣòro. Wọ Network & Internet, tẹ orúkọ Wi-Fi tí ò ń lò, tan "Set as metered connection". Windows kò ní fi bẹ́ẹ̀ fa update lórí rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé o gbà á láyè. Lálẹ́ Sátidé, tí mo bá ti ra dátà òru, mo máa ń pa metered yẹn, màá tẹ "Check for updates", màá so láptọ́ọ̀pù mọ́ ṣájà, màá sì lọ sùn.