Ọmọ tó mọ̀wé kà tí kò gbọ́ ìtàn inú ẹ̀

Pírámárì 2 ni mò ń kọ́ ní Ìlọrin níbí, ọmọ 43 ló wà ní kíláàsì mi. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé tó bá ti dìde kàwé báyìí, gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́, ohùn ẹ̀ já gaara, kì í kọsẹ̀. Ó ka ojú ewé kan tán lọ́jọ́ kan nínú ìwé ìtàn Òyìnbó, a pàtẹ́wọ́ fún un, mo wá bi í pé kí ló pa ọmọ inú ìtàn yẹn lẹ́kún. Ó wò mí, ó wo ìwé, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látòkè, ketekete, bíi pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an torí èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Kà á sókè", "kà á dáadáa", ohun tí mò ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn, mi ò bi wọ́n rí pé kí lẹ rí níbẹ̀.

Ní 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Gough àti Tunmer, ṣàlàyé ẹ̀ lọ́nà tó yé mi. Wọ́n ní ìwé kíkà dà bíi ká táìmù nǹkan méjì, mímọ bí wọ́n ṣe ń pe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti gbígbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, tí ọ̀kan bá ti jẹ́ òdo, òdo náà lèsì, ì báà ṣe kí èkejì kún dẹ́nu. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlọrin mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ilé kéwú. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, á mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀, á máa kà á lórí wàláà láìtíì mọ ìtumọ̀, àmọ́ àáfà ò ní fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ìgbà ń bọ̀ tí wọ́n á jókòó tì í, tí wọ́n á máa túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún un. Èmi ní tèmi, ìdajì àkọ́kọ́ yẹn ni mo dúró sí.

Ni mo bá pa ìwé dé lọ́jọ́ kejì. Mo ní "Ààlọ́ o!", gbogbo wọn hó "Ààlọ̀!", mo pa àlọ́ Ìjàpá kan fún wọn, mo dé àárín mo dákẹ́, mo ní kí lẹ rò pé Ìjàpá máa ṣe báyìí? Ẹ wo ọwọ́ lókè! Ọmọbìnrin mi yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó mọ ẹni tó ń purọ́, ó mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Nǹkan tí mo wá rí ni pé ìtàn yé e dáadáa, kò ṣáà mọ̀ pé irú nǹkan kan náà ló wà nínú ìwé ni.

Mo wá kọ tèmi sórí kádíbọ́ọ̀dù, ní Yorùbá, lẹ́tà gbàǹgbà: Ìyá Ràmọ́tà se ọbẹ̀ wàrà. Ó bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ó bu òmíràn, ó bò ó. Òjò ń rọ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò tíì jẹun. A kà á pọ̀, mo bi wọ́n pé ta ló ni abọ́ tí wọ́n bò? "Kò sí níbẹ̀, Àǹtí." Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Mo dúró, mi ò sọ ọ́ fún wọn (ìdúró yẹn le fún tíṣà, ẹnu á máa yún wa), ìgbà tó yá ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní "Bàbá wọn ló ni ín." Mo ní báwo lo ṣe mọ̀? Ó ní "Bí màámi ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí bàbá mi bá lọ Jẹ́bà." Mo ní ó dáa, fi ìka hàn mí lára kádíbọ́ọ̀dù ibi tó jẹ́ kó o rò ó bẹ́ẹ̀. Ó jáde wá, ó fìka sí "ẹnu ọ̀nà". Ẹlòmíràn ní òjò ni ò jẹ́ kí wọ́n tètè dé.

"Báwo lo ṣe mọ̀?" yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìbéèrè, àmọ́ ẹ máa bi ọmọ tó gbà á náà o, torí tó bá jẹ́ ẹni tó ṣì í nìkan lẹ̀ ń bi, wọ́n á rò pé "o ò gbà á" ló túmọ̀ sí. Ẹ sì má tètè bèèrè ẹ̀kọ́ inú ìtàn, àwọn ọmọ wa ti há èsì yẹn sórí, ìtàn yòówù kó jẹ́, wọ́n á ní ó kọ́ wa pé ká má ṣe ojúkòkòrò. Ìtàn tí yìnyín bo ilé nínú ẹ̀ náà dáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní èyí tí wàrà wà nínú ẹ̀.

Àwọn òbí kan ò fẹ́ Yorùbá yẹn, wọ́n ní Òyìnbó làwọn torí ẹ̀ mú ọmọ wá. Mo máa ń sọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fún wọn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 gbáko, Òyìnbó wá dá dúró bí iṣẹ́ kan, síbẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn nínú Òyìnbó. Èmi náà, tí ìtàn bá ti yé wọn tán, mo máa ń kọ ọ́ ní Òyìnbó lọ́sẹ̀ kejì.

Èyí tó jẹ́ ti Ìyá Ràmọ́tà ní Òyìnbó, ọmọbìnrin yẹn ló kà á. Ohùn ẹ̀ ò yá tó ti tẹ́lẹ̀, ó ń dúró láàárín. Nígbà tí a jáde bíréèkì ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní "Àǹtí, ṣé bàbá yẹn padà dé?" Mo ní wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó wo kádíbọ́ọ̀dù títí, ó ní "Oúnjẹ wọn á ti tutù o."