Iná tí mo ní kí wọ́n fi téèpù bò nínú mọ́tò mi

Oṣù kẹta ọdún 2022 ni mo ra Corolla 2010 mi, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, Àkúrẹ́ níbí ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti rà á. Owó tí mo yá ní kọpẹrétíìfù àwa tíṣà ni mo fi rà á, inú mi sì dùn débi pé mi ò kọbi ara sí iná ofeefee kékeré kan tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa mọ iná yẹn, ó dà bí abọ́ tí wọ́n là sí méjì, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, àmì ìyanu wà láàrín ẹ̀. Mo bi bọ̀dá tó tà á fún mi, ó ní Anti, gbogbo tòkunbọ̀ ló ń tan iná yẹn, kò sóhun tó ń ṣe mọ́tò yín. Mo gbé e lọ bá rìwáyà kan lọ́nà Ọ̀dà, òun náà ní sensọ̀ ni, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ nǹkan lára mọ́tò, pé sensọ̀ òyìnbó ò bá títì wa mu, ó tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gé téèpù dúdú pẹ́ńpẹ́ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló gbà. Èmi ni mo ní kó bò ó o, kì í ṣe pé ó fipá mú mi. Iná yẹn máa ń dà mí láàmú lálẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé tíṣà Físíìsì ni mí. Ọdún 14 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 pé tí a bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú nǹkan, bó ṣe ń gbóná ló ń le sí i, bó ṣe ń tutù ló ń rọ̀, mo sì máa ń fi táyà mọ́tò ṣe àpẹẹrẹ fún wọn lójú bọ́ọ̀dù, àmọ́ táyà tèmi tó wà níta kíláàsì, mi ò fi géèjì kàn án rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Fọkanáísà tó wà ládùúgbò wa á fi ẹsẹ̀ ta á, á ní "Mọ́mì, ó wà dáadáa", èmi náà á ní ó ṣeun, mo ti lọ nìyẹn.

January 2023, ọyẹ́ mú gan-an. Màámi, ìyá ọkọ mi, ti wá bá wa ṣe Kérésì, èmi ni mo fẹ́ gbé wọn padà sí Iléṣà. A di búùtù kún fọ́fọ́, kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì, àpò gàrí, iṣu, ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń dẹrù fún ìyá àgbà. A kúrò ní Ọ̀bá-Ilé láàárọ̀, a gba inú ìgboro jáde, nígbà tí a kọjá Ìgbàrà-Òkè títì là dáadáa ni mo bá ń sáré, mo rò pé mo ti ń lọ sí 110. Mo kọ́kọ́ gbọ́ bíi pé nǹkan ń gbọ̀n lẹ́yìn, mo rò pé títì ni. Ìgbà tó yá mo gbọ́ gbàù! Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti bẹ́, mọ́tò ń fà mí lọ sí ẹ̀gbẹ́, sítíárì ń jà mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá mi wa lọ́rí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé tí táyà bá bẹ́, ẹ má fi ìbẹ̀rù tẹ búréèkì, ẹ di sítíárì mú kó dúró gán-ún, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ iná, kó máa rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, ohun tí mo ṣe nìyẹn, mọ́tò kò dojú dé, àmọ́ ó wọ igbó, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá òkìtì kan. Màámi ò de bẹ́líìtì lẹ́yìn, ẹ̀bi tèmi nìyẹn náà torí mi ò sọ fún wọn kí wọ́n dè é. Ọrùn ọwọ́ wọn ọ̀tún kán.

Àwọn èèyàn dúró, Ọlọ́run bá mi san án fún wọn, ọkọ̀ kan gbé wa padà sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ kejì bàbá àwọn ọmọ mi mú fọkanáísà kan láti Ìgbàrà-Òkè lọ síbi tí mọ́tò wà, wọ́n fi géèjì wọn táyà mẹ́ta tó kù, ó sì kọ nọ́ńbà wọn sínú fóònù: 20, 22, 19. Ẹ̀sítírà tó wà nínú búùtù gan-an ti rọ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n ní láti pọ́mpù ẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mú ìwé tó wà nínú pijin-hóòlù mọ́tò, ìwé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní Amẹ́ríkà fi sílẹ̀, pípadé ló wà, mi ò ṣí i rí. Mo jókòó mo kà á. Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo wo ara férémù ilẹ̀kùn níbi tí ìwé kékeré kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, 32 psi ni wọ́n kọ síbẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn (psi ni òṣùwọ̀n tí géèjì fi ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Iná tí mo ní kí wọ́n bò yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ kò ju pé kó sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀ jù. Láti March ọdún tó kọjá ló ti ń sọ ọ́. Sensọ̀ ò bàjẹ́ rárá, afẹ́fẹ́ lásán ni mọ́tò náà ń fẹ́.

Ó wá wù mí kí n mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi iná yìí sínú mọ́tò, mo sì rí i pé òfin ni, kì í ṣe fàájì. Lọ́dún 2000, táyà Firestone ń já lára mọ́tò, pàápàá Ford Explorer, àwọn èèyàn ń kú, ní August ọdún yẹn wọ́n ní kí wọ́n kó táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà, NHTSA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú títì, ka òkú 271 mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. November 1, 2000 ni Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní TREAD Act, ara ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí mọ́tò tuntun máa kìlọ̀ fún dírẹ́bà tí táyà bá rọ̀. Òfin yẹn gan-an kò lọ tààrà. Lọ́dún 2002 NHTSA gbé ìlànà kan jáde tó fàyè gba àwọn tó ń ṣe mọ́tò láti yan èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé táyà kan ṣoṣo ni mọ́tò máa lè mọ̀ pé ó rọ̀, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ rọ̀ kò ní sọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún aráàlú, Public Citizen, gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, lọ́dún 2003 kọ́ọ̀tù ní rárá o, ìyẹn ò bá òfin mu. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀, torí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tèmi ló jọ rọ̀.

April 2005 ni ìlànà tó dúró títí dòní jáde, FMVSS No. 138, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀ láàrín àwọn ìlànà ààbò mọ́tò ti Amẹ́ríkà. Ó ní tí táyà kan tàbí méjì tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn, iná gbọ́dọ̀ tàn láàárín ìṣẹ́jú 20. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti October 2005, nígbà tó fi di September 1, 2007 gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun ló gbọ́dọ̀ ní i, àwọn tí ìwọ̀n wọn pẹ̀lú ẹrù ò ju kílò 4,536 lọ. Yúróòpù náà tẹ̀ lé wọn, láti November 2014 gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún ló ní in. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ wa fi kún fún iná yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. 32 ni ti Corolla mi, ìdá 25 nínú ẹ̀ jẹ́ 8, tó bá di 24 ni iná máa tàn. Ìyẹn ni pé 25, 26, 27, iná lè má tàn o, bẹ́ẹ̀ táyà ti rọ̀. Táyà tó rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á máa wú á máa súnkì ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí, wíwú àti sísúnkì yẹn ló ń mú un gbóná, ẹrù tó wúwo ń dá kún un, eré náà ń dá kún un, rọ́bà àti wáyà tó wà nínú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ara wọn, ohun tí mo gbọ́ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn nìyẹn. Torí náà iná yẹn kì í ṣe géèjì, ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ díẹ̀ ló ń pariwo, ẹ ra géèjì tiyín. Nígbà tí mo ra tèmi, kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ.

Ohun kejì tí mo kọ́, ìyà ló tún fi kọ́ mi. Lẹ́yìn tí mo yọ téèpù, tí mo ra táyà tuntun kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, mo jókòó sábẹ́ igi mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ó fi òòlù àti irin já táyà kúrò lára ríìmù, ó sì fa nǹkan dúdú kan yọ, kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní "Mọ́mì, ẹ wò ó, ohun tó ń jẹ́ kó máa jò nìyí", ó ti fọ́ ọ, ó sì ti fi fáàfù rọ́bà lásán rọ́pò ẹ̀. Sensọ̀ gan-an nìyẹn o! Ara ìdí fáàfù ló máa ń wà nínú ríìmù. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ṣíná mọ́tò, iná ofeefee yẹn á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú wìrìwìrì fún bí ìṣẹ́jú kan, á wá dúró gbọin. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn, torí inú òfin yẹn náà ló wà: tó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, táyà ló rọ̀, ẹ wá afẹ́fẹ́. Tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú kó tó dúró, sensọ̀ tàbí nǹkan míì lára ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, ní àsìkò yẹn kò sì dájú pé ó máa lè sọ fún yín tí táyà bá rọ̀. Rìwáyà tó ní sensọ̀ ni, kò dúró wò bóyá iná ń ṣẹ́jú àbí kò ṣẹ́jú, èmi náà ò sì mọ̀ kí n bi í.

Ẹ máa sọ fún fọkanáísà kó tó fi irin kan ríìmù pé sensọ̀ wà nídìí fáàfù, kó jìnnà síbẹ̀, ẹ má jókòó sábẹ́ igi bíi tèmi. Bátìrì wà nínú sensọ̀ yẹn, wọ́n sé e mọ́ ọn, a kì í pààrọ̀ ẹ̀, ó máa ń tó ọdún 5 sí 10 kó tó kú, nítorí náà mọ́tò 2010 tí sensọ̀ ẹ̀ kò bá tíì pààrọ̀, ẹ retí pé ó máa kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo nọ́ńbà ìgbì rédíò tó fi ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀, 315 MHz ni ti ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà bíi tèmi, 433 ni ti Yúróòpù, tẹ́ ẹ bá ra 433 ti Belgium sínú mọ́tò tó ń lo 315 wọn ò ní gbọ́ra. Ẹnì kan ta 433 fún mi ní àkọ́kọ́, owó yẹn wọgbó. Àwọn mọ́tò kan wà tí kò ní sensọ̀ nínú ríìmù rárá, ABS, ìyẹn ẹ̀rọ búréèkì tó ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, torí táyà tó rọ̀ máa ń yí kíákíá ju èyí tó le lọ díẹ̀, ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ tún un tò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún táyà lẹ́fẹ́ẹ́, ìwé mọ́tò á sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

January tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ọmọ SS2 mi jáde. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ mo ti wọn táyà nílé, ọyẹ́ ń mú, 32. Aago méjì ọ̀sán, mọ́tò ti dúró láti àárọ̀ nínú ọgbà iléèwé, oòrùn ti na táyà, àwọn ọmọ wọn ọ́n fúnra wọn, 35. Kò sẹ́ni tó fi afẹ́fẹ́ kún un. Ọmọ kan ní "Mà, tí fọkanáísà bá wá jò ó padà sí 32 lọ́sàn-án ńkọ́?" Mo ní ìwọ ṣírò ẹ̀ fún wa, ó ṣírò ẹ̀, ó ní láàárọ̀ ọ̀la á ti wà ní bíi 29. Ọmọ yẹn gbà á tán. Òótọ́ ni, 32 tó wà lára ilẹ̀kùn, ti táyà tó tutù ni, tí mọ́tò ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má jò afẹ́fẹ́ táyà tó gbóná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní 40 pé kó le fún kòtò, nọ́ńbà ńlá tó wà lára táyà fúnra ẹ̀, òpin ibi tó lè gbà dé ni, ti ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tí iná bá tàn láàárọ̀ ọyẹ́ tó sì kú lọ́sàn-án, kì í ṣe iwin, etí bèbè ni afẹ́fẹ́ yín wà, oòrùn ló kàn gbé e sókè díẹ̀.

Mo ti rí sensọ̀ 315 fi sí i báyìí, ó ti tó oṣù mélòó kan, iná ti kú, síbẹ̀ gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń fi géèjì wọ̀n ọ́n kí n tó gbé mọ́tò kúrò nílé. Ọwọ́ Màámi ti jinná àmọ́ wọn ò lè fi gún iyán mọ́, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Ìgbà tí wọ́n wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí tí mo fẹ́ gbé wọn padà, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọn ò wọlé, wọ́n ní "Ìyàwó mi, o ti wọn táyà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Màámi, 32 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní "Èyí tó wà nínú búùtù ńkọ́?" Sensọ̀ ò sí lára ìyẹn. Mo kó ẹrù tí a ti dì jáde, mo wọ̀n ọ́n.