Wáyà HDMI: ẹ wọn gígùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná an

HDMI ni wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn láti ara ẹ̀rọ bíi dékódà lọ sára tẹlifíṣọ̀n tàbí pírójẹ́kítọ̀. Ẹ má tẹ̀lé "2.1" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹ̀rọ ló ni nọ́ńbà yẹn. Orúkọ tí wáyà ń jẹ́ ni High Speed, tó ń gbé gígábíìtì 10.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Premium High Speed, 18. Ultra High Speed, 48.

Fún dékódà tó ń gbé 1080p (àwòrán HD) jáde, High Speed ti tó, ẹ má náwó kọjá ìyẹn. 4K (àwòrán tó mọ́ ju 1080p lọ) ní férémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fẹ́ Premium. Géèmù 4K ní 120 ń fẹ́ Ultra, èyí tó ti wà nínú páálí ẹ̀rọ géèmù PS5, ẹ má sọ ọ́ nù. Premium àti Ultra tòótọ́ máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì ìjẹ́rìí tó ní QR. Ẹ fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Wúrà tí wọ́n fi bo orí wáyà kò fi nǹkan kan kún àwòrán. Kò kàn ní jẹ́ kó dípẹtà ni.

Gígùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí wáyà bàbà bá ṣe ń gùn sí i ni àmì (signal) tó ń gbé ń rẹ̀ sí i, pàápàá tí ẹrù àwòrán inú rẹ̀ bá pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wáyà mítà 10 tó ń ṣe 1080p dáadáa fi lè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí pírójẹ́kítọ̀ 4K bá wọlé: ẹ̀kán tótòtó funfun á máa tàn káàkiri ojú àwòrán, tàbí kí gbogbo rẹ̀ ṣú dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì-mẹ́ta kó tó padà. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ ló kàn ṣá, ẹ má bá wáyà jà, sẹ́tíǹgì ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Fún Ultra, mítà 3 ló fọkàn balẹ̀ jù. Ẹ má lo bàbà kọjá 5. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán. Ìyẹn ní orí àti ìdí: ibi tí wọ́n kọ Source sí ń lọ sára ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde, Display sára pírójẹ́kítọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí i, kò ní gbé nǹkan kan wá.

Kẹ́ ẹ tó rì í mọ́ ògiri, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wo odindi fíìmù 4K kan. Páìpù íńṣì kan ti há jù, torí orí HDMI fẹ̀. Ẹ lo íńṣì kan àbọ̀, ẹ má fi orí wáyà fà á, ẹ má sì ká a ní igun. Ẹ fi okùn tín-ín-rín kan sílẹ̀ nínú páìpù, torí wáyà mìíràn á ṣì kọjá níbẹ̀.

Tí 4K ní 60 bá ṣì kọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí Input Signal Plus nínú sẹ́tíǹgì tẹlifíṣọ̀n Samsung, tàbí HDMI Deep Colour nínú ti LG, kẹ́ ẹ tó dá wáyà padà.