Ẹ́ńjìnì Tuntun Nínú V-boot Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé ẹ́ńjìnì wo ni kí òun gbé sínú ọkọ̀ òun àtijọ́, ìbéèrè lèmi náà fi ń dá a lóhùn: ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yẹn, ẹ́ńjìnì wo làwọn fúnra wọn gbé sínú bọ́dì kan náà nígbà tó yá? Bí èyí bá wà, ẹ gba ibẹ̀ lọ. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó sọ̀rọ̀ dáadáa kówó tó kúrò lápò yín.

V-boot 230E ni tèmi, èyí tí Mercedes ń pè ní W124. Láti ìparí 1984 ni wọ́n ti ń ṣe bọ́dì yìí ní Jámánì, wọ́n sì ń ṣe é bọ̀ títí wọ ọdún 1990 sókè. Ẹ́ńjìnì M102 ló bá a wá: pisitínì mẹ́rin, fáàfù mẹ́jọ, líta 2.3. Ẹ́ńjìnì ọ̀hún kò ní wàhálà kankan. Ohun tó ń fún un lépo ni wàhálà wà, ìyẹn KE-Jetronic. Agolo irin kan ló ń pín epo gba inú páìpù tín-ín-rín mẹ́rin, àwo kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè ló sì ń sọ fún un bí yóò ṣe pín in. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìdọ̀tí díẹ̀ tàbí omi díẹ̀ wọ inú epo wa yìí, kẹ́ ẹ wá wo bí yóò ṣe máa wúkọ́ ní gbogbo ìkóríta. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ mọ́, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí ò sì fẹ́ fojú kàn án. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ká yọ ọ́ dànù, ká gbé kábúrétọ̀ lé e. Ọkọ̀ á rìn o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n á máa mu epo bí ẹni pé ó ń bínú sí ẹ ni, àti láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló fẹ́ gbé irú ìyẹn sọ́rùn?

Àwọn kan ní kí n wá ẹ́ńjìnì Camry. Ìbú ni ẹ́ńjìnì Camry máa ń sùn, táyà iwájú ló sì ń yí. Ti V-boot dojú kọ iwájú, ẹ̀yìn ló ń yí. Ẹni tó bá fẹ́ fi èkíní rọ́pò èkejì yóò gé, yóò jó, yóò tún bọ́dì ṣe, kó tó kan ọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì.

Ẹ́ńjìnì Mercedes kan tí wọ́n ń pè ní M111 ni mo bá lọ. Mercedes fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú bọ́dì V-boot yìí nígbà tí ọdún 1990 ti wọlé dáadáa, tí wọ́n sì pe ọkọ̀ náà ní E220. Líta 2.2 péré ni, ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fáàfù 16 ló ní, agbára ẹṣin 150 ló sì ń mú wá, nígbà tí 2.3 àtijọ́ kò ju nǹkan bí 136 lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń darí epo rẹ̀. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì síìtì rẹ̀, rédíétọ̀ rẹ̀, ibi tí yóò jókòó sí, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan ti rò kalẹ̀ ní Jámánì kí n tó bi í léèrè.

Wàyí o, ọjà. Yálà Araromi ní Gate, Ìbàdàn, lẹ ti fẹ́ rà á, yálà Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ má ra ẹ́ńjìnì lásán. Ẹ́ńjìnì, wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí, brain box rẹ̀ (ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀), ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́, gbogbo sẹ́ńsọ̀, ara ọkọ̀ kan náà ni kí gbogbo wọn ti wá. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé wáyà rẹ̀ sí ìdajì, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí: bí ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n tan án nílẹ̀ níbẹ̀, kí mẹkáníìkì yín sì fi géèjì wọn kọ̀m̀préṣọ̀n pisitínì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Kí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra ló ṣe kókó.

Ti wáyà yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ lowó wà. Láàárín 1992 sí nǹkan bí 1995, rọ́bà tí Mercedes fi bo wáyà ẹ́ńjìnì wọn kò lè fara da ooru. Ẹ́ńjìnì tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ara rẹ̀ ń dán. Mo tẹ wáyà kan lẹ́bàá injẹ́tọ̀, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, rọ́bà ré sí mi lọ́wọ́, kọ́pà yọ síta.

Ẹni tó ń tà á ní, “Ọ̀gá mi, tépù lásán ló fẹ́.”

Bàbá mẹkáníìkì tó tẹ̀ lé mi ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Ó kàn yíjú sí mi: “Ọmọ mi, kọ́pà méjì ló máa fẹnu kora nínú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, brain box ló sì máa jó.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ra òmíràn, a sì gbà pé wáyà tuntun la máa fà sí tòun náà. Rewáyà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tẹ́ wáyà àtijọ́ sórí pákó, ó fi tépù funfun kọ nǹkan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Wáyà tó ń gba ooru ló lò. Owó tí mo san fún un ju ti mẹkáníìkì lọ, ó sì tọ́ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún M111 ti ẹ̀yìn 1996, èyí tó wá láti ara C-Class, ọkọ̀ Mercedes mìíràn, àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Brain box wọn mọ kọ́kọ́rọ́ tiwọn. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn ò bá sí, ẹ́ńjìnì ò ní tan. Kí olówó ọjà má fi “ọ̀kan náà ni gbogbo wọn” tàn yín jẹ.

Gbígbé e wọlé ò le tó bí mo ṣe rò. Gíábọ́ọ̀sì ti tẹ́lẹ̀ gbà á, àwọn tó ń jó irin ló tún ẹnu sáléńsà ṣe. Sẹ́ńsọ̀ ooru àtijọ́ la tú wá sára tuntun, kí géèjì dáṣíbọ́ọ̀dù má baà máa parọ́. Ibi epo gba ìrònú díẹ̀. Bar ni wọ́n fi ń wọn bí epo ṣe ń fi agbára tì nínú páìpù: KE máa ń fẹ́ èyí tó ju bar 5 lọ, M111 ò fẹ́ tó bar 4. Ohun kékeré kan lára páìpù injẹ́tọ̀ ló ń dín in kù, tí yóò dá ìyókù padà sí táǹkì, nítorí náà páìpù ìdápadà gbọ́dọ̀ mọ́. A fọ táǹkì náà. Kí ni àǹfààní injẹ́tọ̀ tuntun bó bá jẹ́ ìdọ̀tí àtijọ́ ló máa mu?

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín o. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ní kẹ́ ẹ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, àlàyé ẹnu ò tó. Kí nọ́ńbà yẹn wà lórí rìsíìtì tí wọ́n fún yín lọ́jà, kẹ́ ẹ búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì mú gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí wọ́n tún un kọ. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀, bó ti wù kó dára tó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Kẹ́ ẹ má sì tètè ta ẹ́ńjìnì àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí tuntun rin Ìbàdàn sí Èkó lọ bọ̀ ná, nínú oòrùn àti nínú gosilóò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú agolo KE yẹn lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ta ìyókù: àwọn tí V-boot wọn ṣì wà bó ṣe wà ń wá a kiri, wọn kì í sì í dúnàádúrà púpọ̀.