Ẹ Má Tíì Dá Ríìngì Lẹ́bi

"Ríìngì ti kú, Bàbá. Ẹ lọ wá ẹ́ńjìnì mìíràn." Ohun tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ sọ fún wọn nìyẹn, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan pulọ́ọ̀gì. Ríìngì ni òrùka irin tó yí písítìnnì ká, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì; òun ni kì í jẹ́ kí agbára iná sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí ọ́ìlì gòkè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìgékoríko tókunbọ̀ náà, irú èyí téèyàn ń jókòó lé wà, wọ́n sì ń fi gé pápá ilé ìwé ní apá Àkóbọ̀, n'Íbàdàn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá, èéfín rẹ̀ bo ṣọ́ọ̀bù mọ́ wa lójú, ó funfun, ó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ lára.

Ká ní dúdú ni, ìdí kábúrétọ̀ ni mi ò bá lọ: ṣóòkì tó há, tàbí fílítà tó dí. Ti Bàbá yìí, ọ́ìlì ló ń jó. Mo fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo gbé e símú. Nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ kì í dí dáadáa, bẹntiróòlù á máa jò wọnú ọ́ìlì mọ́jú, ọ́ìlì á kọjá àmì, á sì máa ṣàn bí omi. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí fílítà atẹ́gùn, ọ́ìlì ti rin ín gbingbin.

Mo bẹ fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ wa kó fún mi ní atẹ́gùn. Mo gbé písítìnnì dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù méjèèjì, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, ti pa dé, ọmọṣẹ́ mi fi sípánà di ẹ́ńjìnì mú kó má baà yí, mo wá fẹ́ atẹ́gùn gba ihò pulọ́ọ̀gì, torí ibi tó bá gbà jáde ló máa sọ ohun tó ń jò. Mo tẹ́tí sí sàílẹ́ńsà, kò sí nǹkan kan. Kábúrétọ̀, kò sí. Ihò géèjì ló ń ṣe fììì, ó ń fẹ́ mi lójú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń dá ríìngì lẹ́bi, ó sì máa ń dùn mí, torí tọ́ọ̀pù gáásìkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, lè dún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tó bá jó. Mo ṣí orí ẹ́ńjìnì. Ibi tóóró tó wà láàárín ojú sílíńdà àti ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà, gáásìkẹ́ẹ̀tì ti jẹ níbẹ̀, ó dúdú bí èédú. Ibẹ̀ ni agbára iná ń gbà wọnú ilé ọ́ìlì, tó ń ti ọ́ìlì gba páìpù ìmí lọ sínú fílítà, tí ẹ́ńjìnì sì ń fà á mu padà.

Gáásìkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo rà ní Gate. Mo tẹ́ sáńdípépà lé gíláàsì, mo ra orí ẹ́ńjìnì náà mọ́ ọn títí ó fi tẹ́jú, mo sì de àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lápá ibí, lẹ́yìn náà èyí tó dojú kọ ọ́.

Bí a ṣe tan án, èéfín tún yọ. Bàbá di orí mú. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, sà. Ọ́ìlì àná tó kù nínú sàílẹ́ńsà ló ń jó." Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi mọ́. Wọ́n yọ fìlà, wọ́n gun orí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ń wà á yípo iwájú ṣọ́ọ̀bù wa.